Ẹyin Tó Wọ Mọ́tò Dé Òkè Ọya: Ẹ̀kọ́ Lórí Pípa Ẹyin Tí A Fi Ránṣẹ́

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀kọ́ tí a mú wá sójú ewé yìí dá lórí ẹyin gan-an, ẹyin adìẹ tí a rà láti ọ̀nà jíjìn tí a sì fẹ́ kí ó di òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ohùn náà wà níbẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Àwa mẹ́jọ la dáwó jọ. Kò sí ẹni tó dàgbà sílẹ̀ Yorùbá nínú wa. Kàdúná, Kánò àti Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti tọ́ wa. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ "kwai" lẹ́nu àwọn ọlọ́jà kí ó tó mọ "ẹyin". A mọ̀ pé Shika kò jìnnà sí wa níbí ní Sáríà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ti Yunifásítì Ahmadu Bello ti ṣẹ̀dá adìẹ Shika Brown. Ṣùgbọ́n adìẹ ìbílẹ̀ láti ilé la fẹ́. Èrò wa ni pé bí wọ́n bá dàgbà, a ó tà wọ́n, kí owó rẹ̀ lè ran àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn lọ́wọ́ láti tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn.

Ìyá kan tó ń sin adìẹ lẹ́bàá Abẹ́òkúta kó ẹyin 60 sínú páálí, ó sì fi í rán wa ní wébìlì nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Dírẹ́bà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó gba Ọ̀wọ̀, ó gba Lọ́kọ́ja, ó gba Àbújá àti Kàdúná kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Márùn-ún ti fọ́. Ìdùnnú ò jẹ́ kí a ní sùúrù: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an la kó 55 tó kù sínú ẹ̀rọ tí a fi ń pa ẹyin. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélógún, mẹ́sàn-án péré ló pa. A dúró ọjọ́ méjì sí i. Kò sí ìkankan mọ́.

Inú bí wa. Ọ̀kan nínú wa gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá náà lórúkọ gbogbo wa pé: "Ìyá, ẹyin òbu lẹ kó fún wa. Ẹ dá owó wa padà." Ìyá ò bínú lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti fọ́ ọ wò?"

A ò tíì fọ́ ọ wò. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

KÍ NI Ẹ̀DÁ TÓ WÀ NÍNÚ ẸYIN?

Ẹyin tí àkùkọ ti gun ìyá rẹ̀ kì í ṣe ohun òkú. Ó tó nǹkan bí ọjọ́ kan tó ń lò nínú adìẹ kí adìẹ tó yé e, láàárín ìgbà náà ni ọmọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Àmì funfun kékeré tó wà lórí pupa ẹyin, òun ni ọmọ náà. Bí adìẹ bá yé ẹyin tán tí ẹyin tutù, ọmọ á sùn. Kò kú, kò sì dàgbà. Ó ń dúró de ìgbà tí ìyá rẹ̀ yóò sàba lé e.

Okùn funfun méjì ló di pupa ẹyin mú láàárín kí ó má baà lọ lẹ̀ mọ́ èèpo. Lápá ibi tó tóbi, àyè afẹ́fẹ́ kan wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni òròmọdìẹ yóò ti mí èémí àkọ́kọ́ kí ó tó lu èèpo. Èèpo náà ní ihò wínníwínní tó ju 7,000 lọ. Inú ihò wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí omi sì ń gbà jáde díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èdè kún un, torí ẹgbẹ́ èdè ni wá. Adìẹ a máa yé ẹyin, a máa sàba, a sì máa pa. Èyí tó bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni òbu. Ẹ ṣàkíyèsí "pa": bí adìẹ bá pa ẹyin, ìyè ló dé, bí ènìyàn bá pa adìẹ, ikú ni. Ẹnu àwọn tó bí wa la ti ń gbọ́ méjèèjì, a ò bìkítà fún un títí a fi rí ẹyin 46 tó kọ̀ tí kò pa.

OHUN TÍ Ọ̀NÀ Ń ṢE SÍ ẸYIN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ẹyin kò bá ti fọ́ lọ́nà, kò sí ohun tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun mẹ́ta ni ọ̀nà fi ń bá ẹyin jà láìjẹ́ pé èèpo rẹ̀ là.

Èkíní ni ooru. Bí ara ẹyin bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 21°C, ọmọ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta jí. Ṣùgbọ́n ooru ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì àti oòrùn inú gáréèjì kì í ṣe ooru ìyá. Wọ́n á jí i, wọn ò ní bọ́ ọ. Bó bá jí díẹ̀, tó tún sùn, tó tún jí, agbára rẹ̀ á tán. Ibi tó tutù bíi 13°C sí 18°C ló dára jù fún un.

Èkejì ni gbígbọ̀n. Gbogbo kòtò tí táyà bá wọ̀, ẹyin mọ̀ ọ́n. Àyè afẹ́fẹ́ lè ṣí kúrò nípò rẹ̀ kó máa rìn káàkiri. Okùn funfun tó di pupa ẹyin mú lè rọ̀. Lóde, èèpo á máa dán gbinrin bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́. Ẹyin tí kò tíì pé ọjọ́ méje tí adìẹ yé e ló dára jù láti pa. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni iye tó máa pa ń dínkù. Nítorí náà, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé èyí tí kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ni kó kó fún yín. Bó bá lo ọjọ́ méjì lọ́nà, tó sì sinmi fún ọjọ́ kan nílé, ọjọ́ mẹ́fà rèé.

KÍ A TÓ GBÉ E SÍ MỌ́TÒ

Kí olùtajà fi ìwé ìròyìn wé ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó to ibi ṣóńṣó sísàlẹ̀, ibi tó tóbi sókè. Kí ó fi fóònmù tàbí èérún pákó tí káfíńtà fá dí gbogbo àlàfo, kí páálí kan sì wà nínú páálí mìíràn. Kí ó má fi ọ̀rá wé e pinpin, torí ẹyin ń mí. Kí ó má ṣe fọ ẹyin tó dọ̀tí. Kí ó yọ ọ́ sọ́tọ̀ ni. Kí ẹ̀yin náà bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ fúnra yín pé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe inú búùtù. Mọ́tò òru dára ju ti ọ̀sán lọ.

BÓ BÁ DÉ

Ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa tó wà ní Ìsẹ́yìn la fóònù sí nígbà tí ọ̀rọ̀ sú wa. A ní, "Ìyá àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é nígbà tí wọ́n bá kó ẹyin wá fún yín láti oko?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹyin tó rìn láti Abẹ́òkúta dé òkè Ọya, ẹ ò jẹ́ kó sinmi? Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ṣé ẹ kì í dùbúlẹ̀?"

Ohun kan náà ni àwọn onímọ̀ adìẹ ń sọ. Ẹ má tú páálí ní gáréèjì. Ẹ gbé e délé, ẹ tú u jẹ́jẹ́, kí ẹ to ẹyin sínú kírétì pẹ̀lú ibi tó tóbi lókè. Ẹ fi í sínú yàrá tó tutù fún wákàtí 24 láìfọwọ́ kàn án, kí ohun tó mì nínú rẹ̀ lè padà sípò. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, torí omi a máa ti ìdọ̀tí gba inú ihò èèpo wọlé.

Bó bá di alẹ́, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò láti ibi tó tóbi. Ẹ yọ èyí tó sán kúrò. Bí ẹ bá rí i pé àyè afẹ́fẹ́ ń rìn bí ẹ ti ń tẹ ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sàmì sí i. Irú èyí kò gbọdọ̀ yí fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ẹ̀rọ. Ìnàró ni kó wà.

NÍNÚ Ẹ̀RỌ TÀBÍ LÁBẸ́ ÌYÁ

Bí ẹ bá rí àgbébọ̀ tó ń sàba, ó sàn ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ kó mẹ́wàá sí méjìlá sí i lábẹ́ ní alẹ́. Òun fúnra rẹ̀ á máa yí i. Bí ẹ̀rọ ni, ẹ̀yin ni ìyá.

Bí ẹ̀rọ bá ní fáànù, kí ooru rẹ̀ jẹ́ 37.5°C. Bí kò bá ní fáànù, kí ó tó 38.5°C níbi tí orí ẹyin wà. Ẹ tan ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹyin tó wọ inú rẹ̀. Ẹ máa yí ẹyin lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, kí ọmọ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Ẹ sàmì X sí ẹ̀gbẹ́ kan àti O sí èkejì. Ìdí tí iye rẹ̀ kì í fi í ṣe méjì tàbí mẹ́rin ni pé kí ẹyin má baà máa sùn sórí ẹ̀gbẹ́ kan náà ní gbogbo òru.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ dáwọ́ yíyí dúró. Láti ìgbà náà, ẹ má ṣí ẹ̀rọ mọ́. Láti ìgbà tí òròmọdìẹ bá ti lu ihò àkọ́kọ́ títí yóò fi jáde lè tó wákàtí 24. Ẹ má fi èékánná ràn án lọ́wọ́; ẹ̀jẹ̀ ṣì ń padà sínú ara rẹ̀.

Iye ọjọ́ nìyí: adìẹ, 21, ẹtù, 26 sí 28, tòlótòló, 28, pẹ́pẹ́yẹ ńlá tó wọ́pọ̀ lágbàlá wa, nǹkan bí 35.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má ṣí ẹ̀rọ láti wò ó. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ fi àyè kékeré sílẹ̀ fún èémí. Ọmọ inú ẹyin lè fara da òtútù fún ìgbà díẹ̀. Àpọ̀jù ooru ni kò lè fara dà.

Ọ̀RỌ̀ ỌYẸ́

Èyí ni apá tí ìwé tí wọ́n kọ fún ìlú tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa kì í tẹnu mọ́. Ọyẹ́ ilẹ̀ wa níhìn-ín lágbára. Bó ti ń la ètè ènìyàn náà ló ń fa omi inú ẹyin. Fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, kí ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ wà ní ìdá 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn, kí ó gòkè dé 65 sí 70. Abọ́ omi gbígbóná lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Bí abọ́ kan kò bá tó, ẹ fi kànrìnkàn tó rin gbingbin kún un.

Òṣùwọ̀n wà tí kì í tanni jẹ. Ó yẹ kí ẹyin pàdánù nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejìdínlógún. Ẹyin tó bá jẹ́ 60 gíráàmù yóò ti di nǹkan bí 53. Bó bá ti di 50, ọyẹ́ ń jẹ ẹ́. Ẹ bu omi sí i.

BÍ A ṢE Ń BI ẸYIN LÉÈRÈ

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá Abẹ́òkúta àti ìbéèrè rẹ̀. A kó 46 náà jáde síta, a bo imú, a sì fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú báàsì, torí òbu a máa bú gbàmù. Ohun tí a rí nìyí:

Mẹ́jọ mọ́ kedere, kò sí àmì ọmọ kankan. Èyí lè jẹ́ pé àkùkọ kò gun ìyá wọn, tàbí pé ọmọ kú kó tó dá. Ó ṣeé ṣe kí ó wá láti ọ̀dọ̀ olùtajà.

Mẹ́tàlá ní òrùka ẹ̀jẹ̀ nínú. Ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, ó kú láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ooru ẹ́ńjìnnì, gbígbọ̀n ọ̀nà, àti àìsinmi tí a fi jẹ wọ́n ni a fura sí.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jẹ́ òròmọdìẹ tó ti pé pérépéré, tó ní ìyẹ́, tó ní ẹsẹ̀. Awọ inú èèpo ti gbẹ mọ́ wọn lára bí ìwé. Àyè afẹ́fẹ́ wọn tóbi ju bó ti yẹ lọ. Ọyẹ́ ló pa wọ́n nínú ẹ̀rọ tiwa, torí abọ́ omi wa ti gbẹ ní ìgbà mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó bu omi sí i. Olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì òun ti ṣe é.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú 46! Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan kí a tó dá a. Ẹlẹ́rìí wà lọ́wọ́ wa, a ò bi í léèrè, ohùn wa sì ti balẹ̀ lórí orí ìyá àgbàlagbà.

A pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀ sídìí fóònù bí ẹni pé ó ń rí wa. A ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má bínú. Mẹ́jọ péré ni kò ní ọmọ nínú. Ọ̀dọ̀ wa ni ìyókù ti bàjẹ́." Ìyá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mo ti gbàgbé. Ìgbà tí ẹ fọ́ ọ wò, ẹ ti di olùsìn adìẹ. Mẹ́jọ yẹn, ti èmi ni. Àkùkọ mi kan ti darúgbó. Bí ẹ bá tún fẹ́ rà, màá fi mẹ́jọ kún un."

ÌGBÀ KEJÌ

Ó sì fi kún un. Nínú oṣù Èrèlé, tí ọyẹ́ kò tíì lọ, ẹyin 68 dé. Mẹ́ta fọ́. A jẹ́ kí 65 sinmi fún ọjọ́ kan. A pín iṣẹ́ omi, a kọ orúkọ ẹni tó ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sára ògiri. Mọ́kàndínlógójì ló pa. A ò ní pè é ní ìwádìí ìjìnlẹ̀, torí a yí ohun púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyin tó wọ mọ́tò kì í sábà pa bí èyí tí a kó lábẹ́ ìyá rẹ̀. Bí ìdajì rẹ̀ bá pa, kí ẹ dúpẹ́.

ÌKÌLỌ̀ LÓRÍ ÀRÙN

Ẹyin lè gbé àrùn wá. Irú àrùn ìgbẹ́ funfun kan wà tó ń ti inú ìyá bọ́ sínú ẹyin. Ẹ bi olùtajà léèrè ìlera agbo rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ má sì kó òròmọdìẹ tuntun pọ̀ mọ́ adìẹ àtijọ́ ní kíá. Jájì tó wà láàárín Kàdúná àti ìlú wa yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn adìẹ H5N1 nílẹ̀ Áfíríkà, nínú oṣù Èrèlé ọdún 2006. Ẹ gba àjẹsára fún wọn. Vom lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó ń ṣe àjẹsára ẹran ọ̀sìn wà, ọdún 1924 sì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ẹni tí ẹyin bá sú lè ra òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan dípò rẹ̀. Kí ó tó jáde ni ó ti fa pupa ẹyin tó kù sínú, èyí sì lè gbé e ró fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu. Ìdí nìyẹn tí ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fi gbà á láàyè láti ọdún 1918 pé kí wọ́n máa fi òròmọdìẹ ránṣẹ́.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ló fà á tí ẹyin tí kò fọ́ lọ́nà fi lè kọ̀ láti pa? Sọ ohun mẹ́ta.
2. Ẹyin kan wọn 55 gíráàmù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nǹkan bíi mélòó ló yẹ kó jẹ́ lọ́jọ́ kejìdínlógún?
3. O fọ́ ẹyin tí kò pa, o rí òrùka ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà wo ni ọmọ kú, kí lo sì máa kọ́kọ́ fura sí?
4. Fi "yé", "sàba", "pa" àti "òbu" ṣe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè ìkẹrin bó bá le. Àwa náà bi tiwa. Àwọn adìẹ wa wà lẹ́yìn ilé ọ̀kan nínú wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn, kó wá ní ọjọ́ Sátidé, kó sì ti ibi tó ti ń bọ̀ gbé garawa omi kan dání.

Ire o.